Anti-skate: kí ló dé tí ohùn fi ń há ní sípíkà ọ̀tún nìkan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Mo ra ẹ̀rọ àwo orin (turntable) Technics SL-1200MK2 tòkunbọ̀ kan, mo sì fi abẹ́rẹ́ Ortofon 2M Red tuntun sí i torí àwọn àwo jùjú tí bàbá mi fi sílẹ̀. Mo gbé ìwúwo abẹ́rẹ́ (bó ṣe ń tẹ àwo tó) sí gíráàmù 1.8, mo yí anti-skate, ìyẹn ohun tó ń fa apá ẹ̀rọ síta, náà sí 1.8. Síbẹ̀, bí orin bá ti ń lọ sópin ojú àwo, ohùn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í há ní sípíkà ọ̀tún, ti òsì á sì mọ́ kedere. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá àwo tí kò ní poro (ilà tóóró tí abẹ́rẹ́ ń gbà) rárá, kí n gbé abẹ́rẹ́ lé e, kí n máa yí anti-skate títí apá tó gbé abẹ́rẹ́ á fi dúró sójú kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan anti-skate. Ẹ kọ́kọ́ pa ampilifáyà, kí ẹ yọ wáyà pupa àti funfun tó ti ara turntable wá, kí ẹ fi ọ̀kan sójú èkejì. Tí híhá náà bá ṣí lọ sí sípíkà òsì, ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí àwo ló ti ń wá. Tó bá jókòó sí ọ̀tún níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ampilifáyà tàbí sípíkà ló ń ṣàìsàn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí anti-skate tó tí yóò gbọ́.

Ká ní ó ṣí lọ. Ẹ wo apá ẹ̀rọ yín: kò gún gbọọrọ. Wọ́n yí orí rẹ̀ wọnú ní digírì 22, wọ́n sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gùn kọjá ojú àárín àwo ní mìlímítà 15, kó lè máa kọjú sí poro dáadáa láti etí àwo títí dé ìparí. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ó ní ohun tó ń dá sílẹ̀. Bí àwo ti ń yí, poro ń fa abẹ́rẹ́ síwájú, ojú ibi tó ń fà á sí kò sì bá ìdí apá mu, ni apá bá ń fẹ́ yà sápá bébà àárín àwo. Agbára náà kéré, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kékeré yẹn tó láti ba orin jẹ́.

Poro ní ògiri méjì. Èyí tó wà lápá àárín àwo ló gbé ohùn òsì, èyí tó wà lápá etí àwo ló gbé ti ọ̀tún. Tí apá bá ń yà sínú, abẹ́rẹ́ á fara ti ògiri inú, kò sì ní dì mọ́ ti ìta mọ́. Tí akọrin bá wá ké, tàbí tó bá fa “s” gígùn, abẹ́rẹ́ á máa ta kúrò lára ògiri ìta. Híhá tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ anti-skate ni láti fa apá padà síta: sípíríńgì ló ń ṣe é nínú ẹ̀rọ yín, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é lára ẹ̀rọ Rega, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Pro-Ject irin kékeré tó rọ̀ sórí okùn ni. Nítorí náà, tó bá ń há ní ọ̀tún, ẹ fi kún un. Tó bá jẹ́ òsì, ẹ dín in kù. Tó bá jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi anti-skate sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ti àwo aláìní-poro yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Lórí àwo pẹrẹsẹ, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ nìkan ló ń kanlẹ̀; nínú poro, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń ha ògiri. Ìfàsẹ́yìn méjèèjì kò dọ́gba, torí náà ohun tó bá dúró sójú kan níbẹ̀ kò ní dúró bẹ́ẹ̀ nínú orin. Kódà nínú orin gan-an, agbára náà ń pọ̀ ó ń dín bí orin ti ń le tó ń rọ̀.

Nọ́ńbà 1.8 tí ẹ yí i sí, ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni, pàápàá lára ẹ̀rọ tí a kò mọ iye ọwọ́ DJ tó ti kọjá. Ẹ yẹ sípíríńgì wò: ẹ gbé anti-skate sí 0, kí ẹ fi irin ẹ̀yìn apá dọ́gba rẹ̀ títí á fi léfòó lófuurufú. Ẹ wá yí anti-skate lọ sí 3. Apá gbọ́dọ̀ rọra yà síta fúnra rẹ̀. Tí kò bá mì, tàbí tó ń lọ tó ń dúró, sípíríńgì tàbí bíárìn ló nílò oníṣẹ́.

Tó bá ṣe dáadáa, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sórí ẹ̀rọ kí ẹ rí i pé ó tẹ́jú, ẹ rí i pé láti rọ́bà ìdí headshell (orí apá tí wọ́n de abẹ́rẹ́ mọ́) sí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ jẹ́ mìlímítà 52, kí ẹ sì fi síkéèlì kékeré wọn 1.8 yẹn, torí òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn apá máa ń purọ́. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù náà máa ń há. Láàárín 1.6 sí 2.0 ni 2M Red ń ṣiṣẹ́.

Àwo wo ni ẹ fi ń dán an wò? Ẹ má lo ti bàbá yín. Ọ̀pọ̀ àwo ayé ìgbà yẹn ló ti jìyà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ti kú àti apá tó wúwo, ògiri poro wọn ti jẹ, kò sì sí ohun tí ẹ lè yí lónìí tó máa dá a padà. Ẹ wá àwo tuntun tí ohùn èèyàn ké dáadáa nínú orin ìkẹyìn rẹ̀. Ẹ máa fi kún anti-skate díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ibì kan náà. Ẹ má retí pé híhá á tán pátápátá. Ibi tí òsì àti ọ̀tún bá ti dọ́gba ni kí ẹ dúró. Tí etí yín bá ní 2.2, ẹ fi í sí 2.2, kí ẹ gbàgbé ohun tí ìwé wí.

Tó bá kọjá 2.5 tí ọ̀tún ṣì ń há, ó ṣeé ṣe kí headshell ti dagun. Ẹ gbé dígí pẹlẹbẹ kékeré sórí ẹ̀rọ tí kò yí, kí ẹ rọra sọ abẹ́rẹ́ lé e, kí ẹ wò ó láti iwájú: Ortofon àti òjìji rẹ̀ nínú dígí gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Tí wọ́n bá ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ tú òrùka headshell díẹ̀, ẹ yí i kó gún, kí ẹ tó padà sórí anti-skate.