Tíṣà ọmọ mi kì í fi fọ́tò sí WhatsApp, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ nǹkan tó ń lọ ní kíláàsì?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní Primary 3. School kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi fọ́tò àti fídíò àwọn ọmọ sórí WhatsApp. Tíṣà tọmọ tèmi ò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí, àfi kó máa kọ nǹkan pẹ́ńpẹ́ sínú búùkù. Tí mo bá bi ọmọ pé kí lẹ ṣe lónìí, á ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. Ipò kejì ló gbà ní first term, ó bọ́ sí ipò kẹsàn-án ní second term, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan títí wọ́n fi pín result. Ṣé kí n yí school ẹ̀ padà ni?

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ pa pọ̀ kí gbogbo wa lè sinmi. Ẹ ní tíṣà kì í sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ tún ní ó máa ń kọ nǹkan sínú búùkù. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Kí ló kọ? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi, èyí tó jẹ́ kí n fura pé ẹ ò tíì kà á. Ẹ má bínú o, mi ò bú yín, ẹ ò dá nìkan wà níbẹ̀.

Fọ́tò kọ́ ni ìròyìn ọmọ. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan sí mi, àmọ́ mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ní ká yà á, mo mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó ni school á ní òun ń retí fídíò kó tó di aago méjìlá. Tíṣà á ju chalk sílẹ̀, á ṣa ọmọ mẹ́rin tí yunifọ́ọ̀mù wọn mọ́, tí wọ́n sì ti mọ nǹkan náà tẹ́lẹ̀, á kó wọn síwájú bọ́ọ̀dù, á ní kí wọ́n ka times table sókè. Wọ́n á kà á, ẹnì kan á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù á máa pariwo, wọ́n á máa fa aṣọ ara wọn. Ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló wà, ẹ ò ní rí i nínú fídíò yẹn láéláé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹni tó yẹ kí ìyá ẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ tún lọ wo àsìkò tí fídíò máa ń pọ̀ jù, ìgbà tí wọ́n bá ń ta fọ́ọ̀mù ni. Ìpolówó ọjà ni, iṣẹ́ ojú ayé ni, kò burú kí school polówó ara ẹ̀, àmọ́ kẹ́ẹ má pè é ní ìròyìn.

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé tíṣà kan sí ọmọ 35 ni ní primary. Kíláàsì tó lé ní 50 pọ̀ nílẹ̀ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tíṣà tó bá wá ń gbé fóònù káàkiri láàárín irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ máàkì búùkù?

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà ńbẹ̀. Child's Rights Act ti 2003 ní abala 8 sọ pé ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ tiẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n má kàn gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ síta, Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì sọ ní abala 31 pé tó bá jẹ́ pé ìyọ̀ǹda ni wọ́n fẹ́ gùn lé lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, tọ́rọ̀ bá le ẹ lọ bá lọ́yà. Ṣùgbọ́n fídíò tó wọ grúùpù tí òbí 100 wà, ẹ ò mọ ẹni tó máa gbé e lọ síbòmíì, títí kan orúkọ ọmọ tó wà láyà yunifọ́ọ̀mù. Tíṣà tí ò yà yẹn, ó lè jẹ́ òun gan-an ló ní làákàyè.

Ó dáa, ẹ padà sórí búùkù. Ẹ jẹ́ ká fi ti Maths ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní 52 minus 27, ọmọ kọ 35. Lábẹ́ ẹ̀, 61 minus 38, ọmọ kọ 37. Tíṣà fi báírò pupa fa X sí méjèèjì. Òbí tó bá wo X nìkan á ní olódo lọmọ òun, ìfọ́tí lè tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yẹn ò kàn kọ nǹkan tó wù ú. Ó wo 2 àti 7, ó rí i pé 7 ló tóbi, ló bá yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Nǹkan tó ṣe fún 1 àti 8 náà nìyẹn, ó kọ 7. Ó mọ minus, yíyá ni ò yé e, ìyẹn ká lọ yá ten kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí 2 lè di 12. Ìdí nìyẹn tí tíṣà fi kọ "borrowing, ẹ bá mi kọ́ ọ nílé" sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tẹ́ẹ ń pè ní nǹkan pẹ́ńpẹ́ nìyẹn o! Ẹ ṣẹ́ ìgbálẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ kó ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì síwájú ẹ̀, ẹ ní kó mú 27 kúrò níbẹ̀. Á mú ìdì méjì, á wá ẹyọ méje, kò ní rí i, á wojú yín. Ẹ má sọ̀rọ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀ á ní ṣé kóun tú ìdì kan. Tó bá ti lè béèrè yẹn, ó ti ń yé e nìyẹn. Tí kò bá béèrè, ẹ tú u fún un, ẹ tún ṣe òmíì lọ́jọ́ kejì.

Ẹ tún wò ó bóyá ó ń ṣe corrections. Tí búùkù bá kún fún X, tí ọmọ ò tún un ṣe lábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tí ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin bá kọjá tí báírò pupa ò kàn án rárá, ìyẹn ẹjọ́ tíṣà, ẹ lọ bi í, mi ò ní gbèjà ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó dà kọ látojú bọ́ọ̀dù ló máa ń já, tó ń fo lẹ́tà, tó sì ń kọ dáadáa tó bá jẹ́ inú ìwé ló ti ń dà á kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Mi ò sọ pé ojú ló ń dùn ún o, dókítà ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n ti na àwọn ọmọ kan torí ẹ̀ tó jẹ́ pé gíláàsì ni wọ́n nílò.

Ọ̀rọ̀ ipò kẹsàn-án yẹn ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni kejì lè gba 84, kí ẹni kẹsàn-án gba 81. Ẹ wo máàkì, ẹ wo iye C.A. àti iye exam lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ọmọ tó ṣe dáadáa nínú C.A. tó wá fìdí rẹmi ní exam yàtọ̀ sí èyí tí ò ṣe dáadáa nínú méjèèjì. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí school ṣí àti iye ìgbà tọ́mọ wá. Òbí tó ń ka ibẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Èyí tó ń ní àwọn ò ṣe nǹkan kan ńkọ́? Ọmọ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé ta ló jókòó tì ẹ́ lónìí, ta ni wọ́n pè sí bọ́ọ̀dù, kí ló mú ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ẹ fẹ́ fi sí.

Tíṣà náà ní ẹ̀bi tiẹ̀ o. Tọ́mọ bá ti ń fà sẹ́yìn, kò yẹ kó dọjọ́ result kí ìyá ẹ̀ tó mọ̀, ó yẹ kó pè yín tàbí kó fìwé ránṣẹ́ pé kẹ́ẹ wá, pàápàá tó bá rí i pé ẹ kì í fèsì sí nǹkan tóun ń kọ. Ẹ sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú sùúrù. Kì í ṣe ní gate láàárọ̀ tí ọmọ 50 ń dà wọlé, kì í ṣe aago mẹ́wàá alẹ́ lórí fóònù, kì í sì ṣe nínú grúùpù níbi tí ìyá àwọn ọmọ yòókù ti ń kà á. Ẹ lọ bá a lẹ́yìn closing, ẹ mú búùkù dání, ẹ bi í pé kí gan-an lọmọ mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe nílé lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ má tíì yí school padà. Tẹ́ẹ bá bá tíṣà sọ̀rọ̀, tẹ́ẹ fún un títí di half term, tí nǹkan ò sì yí, ìgbà yẹn ẹ lè máa wá ibòmíì. Tẹ́ẹ bá débẹ̀ kẹ́ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí òbí mọ̀ tí nǹkan kan ò bá yé ọmọ. Tó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n gbé jáde láti fi fídíò hàn yín, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ẹ máa lọ sílé yín. Àti lálẹ́ òní, ẹ ṣí búùkù yẹn, ẹ ka ohun tó kọ, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ ti rí i, ẹ sáìnì ẹ̀, ẹ fi déètì sí i.