Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ṣé Kí A Kó Lọ sí Àgbádó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ní Ṣómólú, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Ní oṣù tó kọjá, onílé kọ̀wé sí wa pé owó ilé ti kúrò ní ₦600,000 lọ́dún, ó ti di ₦1,000,000. Agége ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti rí ilé tó jọ èyí sí Àgbádó ní ₦450,000. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti wà, kí ni a tún ń dúró ṣe? Ìdúmọ̀tà ni èmi ń lọ ní tèmi, mo ń bá wọn kọ ìwé owó ní ìsọ̀ kan níbẹ̀. Ṣé kí a kó?
*Ìyá Ìbejì, Ṣómólú*

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, a bẹ̀ yín pé kí ẹ fi iye owó ọkọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́ kí a tó fèsì, ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì ìsọ̀, ẹ tún fa ìlà sábẹ́ ibi tí ọkọ yín ti bá yín jiyàn. Inú ìwé pélébé yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Ní Èkó, owó ilé àti owó ọkọ̀ kì í ṣe owó méjì. Owó kan náà ni a ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún onílé, tí a sì ń san ìyókù rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ fún kọ̀ńdọ́ ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí i wò. Ẹ kọ ₦1,200 fún àlọ àti àbọ̀ yín láti Ṣómólú, àti ₦4,000 láti Àgbádó. Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ 22 lóṣù, ẹ ó fi ₦739,200 kún owó ọkọ̀ yín lọ́dún. Ti ọkọ yín yóò wálẹ̀ láti ₦2,000 sí ₦800 lóòjọ́, èyí tí í ṣe ₦316,800 lọ́dún. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, owó ọkọ̀ ilé yín yóò fi ₦422,400 lé sí i. Ohun tí ẹ ó rí lórí owó ilé jẹ́ ₦550,000, nítorí náà ₦127,600 ni ó kù. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba ilé tuntun yóò san ti agẹ́ǹtì, yóò san ti àgírímẹ́ǹtì. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n gbà, bí wọ́n ti sábà máa ń gbà á, ₦90,000 ti lọ nìyẹn. ₦37,600 ló ṣẹ́ kù, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gba tirẹ̀.

Abẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni ìlà tí ẹ fà wà, a sì gbè yín lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line ti ń kó èrò láti Àgbádó, tí ó ń gba Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin àti Yàbá kọjá, ṣùgbọ́n Ọ̀yìngbò ni ó ti ń sọ èrò kalẹ̀. Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó ń sọdá omi dé Màrínà, Mile 2 ni òun sì ti ń wá. Ẹni tó bá sọ̀ ní Ọ̀yìngbò yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn wọ Erékùṣù, níbi tí Ìdúmọ̀tà wà. Ọkọ yín kò ní rí ìyẹn, nítorí pé Agége ni òun yóò ti bọ́ọ́lẹ̀ ní tirẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ èyí kì bá kó lọ́dún yìí. Ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ onílé. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 fún ayálégbé tó wà nínú ilé láyè láti gba ilé ẹjọ́ lọ bí àfikún owó náà bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, adájọ́ yóò sì wo iye tí wọ́n ń san ní àdúgbò yín kan náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ilé ẹjọ́, ẹ gba ọ́fíìsì Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó lọ, àwọn tó ń bá ènìyàn parí ìjà láìdé ilé ẹjọ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá. Bí ẹ bá lè bá onílé sọ ọ́ dé ₦800,000, ọ̀rọ̀ Àgbádó ti parí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìlú kankan wà láyé tí ìjọba ti rí ọ̀rọ̀ owó ilé yìí ṣe? Kí ló dé tí wọn kò kàn fi òfin dá a dúró ní Èkó?
*Ọ̀gbẹ́ni kan, Ẹ̀bútè Mẹ́ta*

ÌDÁHÙN: Wọ́n dán an wò ní Berlin. Ní ọdún 2020, ìjọba ìlú náà fi òfin de owó ilé, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ Jámánì fagi lé e pé ìlú náà kò lágbára láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ayálégbé sì padà san owó tí wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó rí i ṣe, ilé ni wọ́n kọ́. Ní Singapore, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 ni ó kọ́ ilé tí nǹkan bí mẹ́rin nínú ọmọ ìlú márùn-ún ń gbé. Vienna ti ń kọ́ tirẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlú náà fúnra rẹ̀ sì ni onílé fún ilé tó lé ní 200,000. Ohun tó wù mí jù ni pé láti ọdún 2012, fún ọ̀pọ̀ ọdún, yúrò 365 ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọdún kan gbáko níbẹ̀, yúrò kan péré lóòjọ́.

Ní Èkó níbí, a ti fẹ́ ṣe méjèèjì, ilé àti ọkọ̀, pọ̀ rí. Lateef Jakande, tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983, kọ́ àwọn ilé tí a ṣì ń pè ní Jakande títí dòní, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ológun fagi lé ní ọdún 1985. Ilé kù, irin kò sí. Lónìí, àwọn tí owó ilé lé jáde ti dé Mọ́wé, Ìbàfó àti Àkúté. Ìjọba Ògùn ni owó orí wọn ń lọ bá, nítorí ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títì Èkó ni wọ́n ń há sí láàárọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí àpò kan tí ìpínlẹ̀ méjèèjì ń dá owó sí fún ọ̀nà wọn, n kò mọ ẹni tí yóò bá wọn yanjú ìṣòro náà.

ÌBÉÈRÈ: Agẹ́ǹtì ní kí n san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé dandan ni?
*Ọ̀dọ́kùnrin kan, Sùúrùlérè*

ÌDÁHÙN: Rárá. Òfin ọdún 2011 náà kò jẹ́ kí onílé gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ agẹ́ǹtì, ẹ rántí pé ẹni tó san án náà ti ṣẹ̀ sí òfin kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá tàbí GRA Ìkẹjà ni ilé náà wà, òfin yìí kò dé ibẹ̀.