"Greenhouse" àti "green house": ibo ni ká tẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ọmọbìnrin mi ń múra WAEC, mo sì máa ń jókòó tì í lálẹ́ tí mo bá ti ọjà Akẹ̀sán dé. Ó ní "greenhouse" àti "green house" kì í ṣe bákan náà lẹ́nu. Báwo la ṣe ń pín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí sílébù, apá wo la sì ń tẹ̀, kó wúwo lẹ́nu ju ìyókù lọ? (Ìyá kan, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Sílébù kan ṣoṣo ni "bread" lẹ́nu Òyìnbó, àwa sọ ọ́ di bú-rẹ́-dì, mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìṣírò ti ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kó pe "newspaper". Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àgbọ̀n á sọ̀: news-pa-per. Ojú oríkèé tí ọ̀rọ̀ méjèèjì, "news" àti "paper", ti pàdé ni kó kọ́kọ́ gé, kó tó gé ìyókù.

Ní ti títẹ̀, ẹ pe tíṣà, lọ́yà, sọ́jà. Ohùn òkè ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, torí ibẹ̀ ni Òyìnbó ti ń tẹ̀ wọ́n, etí àwọn baba wa sì gbé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Etí yẹn náà ni kí ọmọ yín lò. Kó pa ẹnu dé, kó máa fi imú kùn ún. "GREENhouse", ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin ewébẹ̀ sí: ohùn á lọ sókè, á sì já wálẹ̀. "Green HOUSE", ilé tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn: ti ẹ̀yìn kò ní já, òun gan-an ló máa wúwo jù. Apá tí a kò bá tẹ̀ tilẹ̀ lè rọ pátápátá. Ẹ gbọ́ bí "board" ṣe kéré lẹ́nu Òyìnbó nínú "cupboard". "P" ibẹ̀ kì í dún rárá, kọ́bọ́ọ̀dù tiwa náà kò sì ní in.

Àmọ́ kó má há a sórí pé iwájú la máa ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Òfin yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló sábà ń tẹ̀ lé e: CLASSroom, TOOTHbrush, FIREwood. Ẹ̀yìn ni ti ọ̀rọ̀-àpèjúwe bíi "bad-TEMpered" àti "old-FASHioned", àti ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "overLOOK". "AfterNOON" ńkọ́? Orúkọ ni, síbẹ̀ ẹ̀yìn la ń tẹ̀ ẹ́.

Bó bá ṣiyèméjì, kó ṣí díṣọ́nárì. Ilà kékeré tó dúró lókè, ṣáájú sílébù, ni àmì ibi títẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún yín lálẹ́. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rí bákan létí yín, ẹ ní kó pa ẹnu dé, kó tún un kùn.