Ìyálóde: ṣé oyè ìnáwó lásán ni àbí oyè tó níṣẹ́ nínú?

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní wọ́n fẹ́ fi màmá òun jẹ Ìyálóde ìlú wọn, inú màmá ń dùn, àmọ́ àbúrò bàbá wọn kan ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé oyè ìnáwó lásán ni, pé láyé àwọn baba wa obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, òyìnbó ló wá là wọ́n lójú. Ó ní ṣé òótọ́ ni. Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún bàbá yẹn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìdàkejì ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an ló sún mọ́ òótọ́.

Ìyálóde ni ìyá tó ni òde, òde tí à ń wí yẹn sì ni ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, ohun tó ti kọjá ìloro ilé ẹnì kan. Kì í ṣe ìyàwó ọba, wọn kì í sì í fi jẹ èèyàn torí pé ọkọ ẹ̀ jẹ́ ìjòyè. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Ìyálọ́jà o, ọjà ni ti Ìyálọ́jà, àmọ́ Ìyálóde ló ń gbọ́ ẹjọ́ àárín àwọn obìnrin, òun ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú ọba àti ìjòyè, tí ìlú bá sì fẹ́ jagun láyé àtijọ́ tàbí kí wọ́n la ọ̀nà ọjà tuntun, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó ní Ọ̀tún tiẹ̀, ó ní Òsì, ó tún ní Balógun, bí àwọn ọkùnrin ṣe ní in náà ni.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ṣá. Lóbùn ni ti Oǹdó, ọba obìnrin ni wọ́n ń pè é. Láàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, Ìyá Kéré ló ń tọ́jú adé àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ oyè, òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jẹ, tí ọba bá wá ṣe ohun tó bí i nínú, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nǹkan yẹn, kábíyèsí ò sì ní rí nǹkan wọ̀ jáde síta. Ẹ rò ó wò, gbogbo agbára tí wọ́n ní Aláàfin ní yẹn, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin kan.

Ìbàdàn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ oyè yìí ti hàn kedere jù. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, wọn ò lọ́ba, ẹni tó bá lówó tó sì lọ́wọ́ nínú ogun ni wọ́n ń dá mọ̀, owó ìbọn àti ẹ̀tù ò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ń ṣòwò ló ń ra ìbọn fáwọn ológun láwìn, àwọn ló ní oko ńláńlá tí oúnjẹ ti ń jáde. Ìyáọlá ló kọ́kọ́ jẹ Ìyálóde níbẹ̀, Ṣùbúọlá tẹ̀ lé e, ó wá kan Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa Ẹfúnṣetán ò ju ti eré lọ, pé ìkà ni, ó ń pa ẹrú. Ikú ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo tó kú sórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún 1860 ni wọ́n ní ó yí ìwà ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi yọ ọ́ lóyè lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1874. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì wá pàdé ẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀ kó kí i kú àbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o! Ọ̀rọ̀ ogun àti owó ni. Àwọn ológun ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọn ò san, òun náà wá ní òun ò ṣe mọ́. Ó san owó ìtanràn tí wọ́n ní kó san, síbẹ̀ wọ́n gba oyè náà, nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹfà ọdún yẹn wọ́n rán àwọn ẹrú ẹ̀ sí i lóru, wọ́n gba orí àjà wọlé, wọ́n ju òkúta lé e lórí níbi tó ti ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tí kò lẹ́nu nínú ìlú, kí ni wọ́n á máa pa á fún?

Irú ẹ̀ náà ni Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ Tinúbú Square l'Ékòó. Lọ́dún 1856 kọ́ńsù òyìnbó, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, rí i pé agbára obìnrin yìí ti pọ̀ jù, ó lé e kúrò l'Ékòó, ló bá kọrí sí Abẹ́òkúta, nígbà tí Dahomey sì gbógun dé lọ́dún 1864, ìbọn àti ẹ̀tù tó kó sílẹ̀ wúlò fún wọn débi pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn rọrùn fún gbogbo obìnrin o. Ọwọ́ Tinúbú àti Ẹfúnṣetán ò mọ́ nínú òwò ẹrú, obìnrin pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà yẹn, tí Orò bá sì jáde, olówó tàbí tálákà, obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni. Àmọ́ ohun kan dá mi lójú, obìnrin Yorùbá ní owó ara ẹ̀ lọ́wọ́, èrè ọjà ẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ ẹ̀, ibi tí oyè Ìyálóde ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn.

Ibo ló wá ti bà jẹ́? Nígbà tí òyìnbó dé tí wọ́n ń ṣètò káńsù ìbílẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń pè jókòó, torí pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Nílé ìwé, wọ́n ń kọ́ ọmọkùnrin ní iṣẹ́ akọ̀wé, wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin ní aṣọ rírán àti ìtọ́jú ilé. Láàárín ìran kan sí méjì, àwọn èèyàn ti ń pe èyí tí òyìnbó gbé dé ní àṣà wa, àfi bíi pé ó ti wà láti Ilé-Ifẹ̀!

Abẹ́òkúta ló dùn mí jù nínú ẹ̀. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin níbẹ̀, ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí san án láti ọdún 15, ọmọkùnrin láti 16, tí wọn ò bá gbà pé ọmọ náà kò tíì dàgbà, àwọn agbowó-orí a máa tú u sí ìhòòhò wò. Ìlú tí Tinúbú ti jẹ Ìyálóde rèé o, obìnrin kankan ò sì sí nínú káńsù tí wọ́n ń sanwó fún. Ìyẹn ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ìyá ọlọ́jà fi dìde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin lọ́dún 1947, wọn ò dẹ̀yìn títí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949 (ó padà wá ní ìparí 1950). Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ káńsù. Ohun tí òyìnbó gbà kúrò lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń gbà padà yẹn, àwọn kan ṣì ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wọn.

Bàbá yẹn ò kúkú jẹ̀bi tán, torí lóde òní, ìlú pọ̀ tó jẹ́ ẹni tó bá lówó ni wọ́n ń gbé Ìyálóde fún, tí wọ́n bá ti jó tán, tí wọ́n kó tẹ́ńtì kúrò nílẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa pè é sí ìpàdé kankan. Kì í ṣe ibi gbogbo ṣá, Ìyálóde Ìbàdàn ṣì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ Olúbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà tiẹ̀ ò lè dé orí oyè Olúbàdàn fúnra ẹ̀.

Torí náà kí màmá tó gba oyè yìí, kí wọ́n lọ bá kábíyèsí, kí wọ́n béèrè bóyá àga wà fún Ìyálóde nínú ìgbìmọ̀ àti bóyá wọ́n á máa ránṣẹ́ pè wọ́n tí ọ̀rọ̀ ìlú bá délẹ̀. Kí wọ́n béèrè ta ló ń parí ìjà àwọn ọlọ́jà báyìí, ṣé ẹni náà á sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n lè fúnra wọn yan Ọ̀tún àti Òsì, torí Ìyálóde tí kò ní Ọ̀tún, ta ló fẹ́ rán níṣẹ́? Tí ìdáhùn bá dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á, kí ẹ̀yin ọmọ náwó sí i dáadáa. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí àti iye màlúù nìkan ni ààfin ń bá yín sọ, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àga yẹn wá ná.