Ẹ Kọ́kọ́ Wo Yanrìn àti Ooru Kí Ẹ Tó Ra Ẹja Ìsàlẹ̀ Omi

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní ẹ ti gbin ewé sínú táǹkì gíláàsì yín ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí ẹ ń bèèrè ẹja kékeré tí yóò máa gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kú ìnáwó o. Ó pẹ́ tí mo ti ń sin irú ẹja bẹ́ẹ̀ nílé mi ní Lágere, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ ra ọmọ ẹja àrọ̀, pé kò wọ́n, kì í sì í kú. Lóòótọ́ kì í tètè kú, ṣùgbọ́n tó bá ráyè dàgbà, ó lè gùn ju mítà kan lọ. Òru ló sì ń jẹun, ẹja yòówù tó bá gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Plecostomus, ẹja tó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, náà ń kọjá sẹ̀ǹtímítà 30, á sì máa hú ewé yín.

Corydoras ni èmi fọwọ́ sí jù. Ẹja Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ó ní irùngbọ̀n tó fi ń wá oúnjẹ. Ẹ jókòó tì í: á ti ẹnu bọ yanrìn títí dé ojú, á gbé díẹ̀ sẹ́nu, yanrìn á sì máa dà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí òkúta wẹ́wẹ́ tó mú kò fi dára fún un. Mo gba mélòó kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó kúrò ní Ifẹ̀, irùngbọ̀n wọn ti jẹ dé ìdí. Nígbà tí wọ́n dórí yanrìn kíkúnná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà díẹ̀díẹ̀. Yanrìn tí bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáǹdì kọ́ o. Yanrìn odò tó kúnná ni kí ẹ wá, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ẹ má sì ra ẹyọ kan. Mẹ́fà sókè ni, ẹ̀yà kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á kàn máa sá pamọ́ ni.

Ooru wa náà kọjá kékeré. Nínú oṣù kẹta, omi táǹkì mi máa ń sún mọ́ digiri 30. Corydoras paleatus fẹ́ omi tútù, kò bá ilé wa mu. Corydoras sterbai ń fara da digiri 24 sí 28 dáadáa. Kuhli loach, ẹja ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, náà ń fara da ooru, ṣùgbọ́n ó rí bí ejò kékeré, òru ló sì ń jáde. Tí ẹnì kan bá ń bẹ̀rù ejò nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ fi hàn án.

Ewé máa ń fa ọ́síjìn inú omi lóru, tí NEPA bá sì mú iná lọ, ẹ̀rọ àsẹ́ á dúró. Corydoras a máa gòkè lọ gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò burú. Tí gbogbo wọn bá ń gòkè láìsinmi, omi náà kò lọ́síjìn mọ́. Ẹ ní ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi nílé, ẹ má fi ṣeré rárá.

Irọ́ ni pé àjẹkù àwọn ẹja yòókù tó wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná táǹkì lálẹ́, ẹ ju oúnjẹ tó ń rì sísàlẹ̀ fún wọn.

Tí táǹkì yín bá gba lítà 80 sókè, sterbai mẹ́fà ni kí ẹ rà. Tó bá kéré sí i, Corydoras pygmaeus tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ló yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín omi náà ló ń lúwẹ̀ẹ́ sí nígbà míì. Ẹ jẹ́ kí táǹkì ti ṣiṣẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó kó wọn wọlé. Ife ni kí ẹ fi bù wọ́n o, ẹ̀gún ara wọn máa ń há sínú àwọ̀n.