Báwo ni mo ṣe lè mọ bí ìjíròrò akẹ́kọ̀ọ́ lórí WhatsApp ṣe jinlẹ̀ tó?

Ìtúpalẹ̀ àkóónú, ìyẹn kíka àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí a sì pín in sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọ, ni ọ̀nà tó yẹ kí olùṣèwádìí bíi tìrẹ ní Adó-Èkìtì kọ́kọ́ kọ́ fún èyí. Kíka iye àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò tó, nítorí "Ẹ ṣé, sà" mẹ́wàá kò fi ìrònú kankan hàn.

Ìlànà Garrison, Anderson àti Archer, tó jáde ní 2001, pín ìrònú sí ìpele mẹ́rin: ìbéèrè yọjú, wọ́n wá ìmọ̀ kiri, wọ́n so èrò pọ̀, wọ́n dé ojútùú. Kí ẹni méjì pín àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìpele wọ̀nyí, kí kálukú dá tirẹ̀ ṣe, kí o wá fi kappa ti Cohen (1960), ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹni méjì ṣe fẹnu kò tó hàn, wọn ìfẹnukò wọn. Ó máa ń yọ ìfẹnukò tó kàn ṣe kòńgẹ́ kúrò.

Gba àṣẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọ̀wé, àwọn méjèèjì tó ń pín àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.