Kí ló dé tí ẹni tó bá mi jà ní ọjà Ìtòkú fi ń rán àgbà sí mi, tí kò wá fúnra rẹ̀?

Kì í ṣe pé ó ń sá. Ní Abẹ́òkúta, bí ẹni tó kéré bá dá wá ko àgbà lójú pé kí àwọn sọ ọ́, wọ́n lè kà á sí àfojúdi, ẹ̀ṣẹ̀ kan á wá di méjì. Ìdí nìyẹn tó fi rán ìyálọ́jà tàbí olórí ẹbí. Stella Ting-Toomey, onímọ̀ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ti ṣàlàyé irú èyí láti àwọn ọdún 1980: níbi tí ẹbí àti ẹgbẹ́ bá ti ṣáájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í fẹ́ kí iyì ẹnìkejì bọ́ sílẹ̀.

Ẹ gba onílàjà náà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ rojọ́. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Bí àgbà bá jẹ̀bi, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń pè é sí láti bá a wí (èyí ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú, wọn ò sì jẹ̀bi). Tó bá jẹ́ gbèsè, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tó máa san án sílẹ̀ kí ẹ tó tú ká, torí “ó ti tán” lásán ló ń dá ìjà padà. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ má sáré débẹ̀. Àmọ́ bó bá ti ṣe yín léṣe, ọsibítù àti ọlọ́pàá ló kàn.